Iná Tí A Kò Gbọdọ̀ Fi Sílẹ̀: Lórí Súwíìṣì Sìgá Oníbátìrì Tí Àwọn Ọ̀dọ́ Ń Fi Ọwọ́ Ara Wọn Ṣe

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ẹni tí ó dá iná, tí ó sì fi ìmọ̀ bí a ti í tàn án àti bí a ti í pa á sí ọkàn ọmọ ènìyàn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ańnábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìdájọ́.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu, nítorí pé a kì í sábà gbọ́ irú rẹ̀ lórí mímbárì. Àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ìjọ wa yìí, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, ni wọ́n bi wá ní ìbéèrè méjì. Èkíní: bí ènìyàn bá fẹ́ fi bátìrì ògbólógbòó kọ̀ǹpútà ṣe sìgá oníbátìrì, èyí tí wọ́n ń pè ní vape, irú súwíìṣì wo ni ó yẹ kí ó fi sí i tí kò fi ní jó o lọ́wọ́? Èkejì: ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú kí ó ṣe é fún ẹlòmíràn, kí ó sì gba owó iṣẹ́?

Àwọn bàbá kan tí wọ́n gbọ́ ìbéèrè náà ní kí a má ṣe dá wọn lóhùn, pé mọ́sáláásí kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ ọmọ ní sìgá mímu. A gba ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wá bi àlùfáà léèrè kí ó tó ṣe nǹkan sàn ju ọmọ tí ó lọ ṣe é lẹ́yìnkùlé lọ. Bí a bá sì lé e padà, ẹlòmíràn ni yóò dá a lóhùn, a kò sì mọ ohun tí onítọ̀hún yóò sọ fún un. Nítorí náà, a tọ àwọn tí wọ́n ní ìmọ̀ iná mànàmáná lọ, a béèrè lọ́wọ́ wọn, a sì ka ohun tí ó yẹ kí á kà, kí á tó dúró níwájú yín.

Fìtílà Mẹ̀dínà

Abú Músá al-Ash'arí gbà á wá pé ní alẹ́ ọjọ́ kan, ilé kan jó ní ìlú Mẹ̀dínà mọ́ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀ lórí. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí Ańnábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀tá ni iná jẹ́ fún wọn, ó sì pa wọ́n láṣẹ pé kí wọ́n máa pa á bí wọ́n bá fẹ́ sùn. Bukhari àti Muslim ni wọ́n gba hádíìsì yìí wá. Jábírù náà gba òmíràn wá tí ó tún ṣàlàyé ìdí rẹ̀: Ańnábì ní kí wọ́n máa pa fìtílà ní alẹ́, nítorí pé eku lè fa òwú tí ń jó, kí ó sì ti ipa bẹ́ẹ̀ sun àwọn onílé.

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ańnábì kò sọ pé fìtílà jẹ́ hàráàmù. Kò sọ pé kí àwọn ènìyàn máa gbé inú òkùnkùn. Ohun tí ó kọ̀ ni iná tí ń jó níbi tí kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ó sì dárúkọ eku, ẹranko kékeré tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, pé òun ni yóò sọ iná ìmọ́lẹ̀ di iná ìparun. Imam an-Nawawi, nígbà tí ó ń ṣàlàyé hádíìsì yìí, sọ pé bí fìtílà bá wà níbi tí ewu kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí irú èyí tí a gbé kọ́ sókè, kò sí aburú nínú fífi í sílẹ̀, nítorí pé ìdí tí a fi kọ̀ ọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn àlùfáà ń wá ìdí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dá ọ̀rọ̀. Ìlànà yìí ni a ó fi wo ìbéèrè àwọn ọmọ wa.

Ohun tí wọ́n ń ṣe yìí, fìtílà ni. Ilẹ̀ Ṣáínà ni sìgá oníbátìrì irú ti òde òní ti bẹ̀rẹ̀. Apòògùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hon Lik ni ó ṣe é ní ọdún 2003. Nǹkan pàtàkì inú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ: bátìrì, súwíìṣì, wáyà tín-ín-rín tí a ká róbótó tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlì, àti omi olóòórùn dídùn tí òwú ń fà mu. Bí a bá tẹ súwíìṣì, iná yóò jáde láti inú bátìrì, yóò gba inú kọ́ìlì kọjá, kọ́ìlì yóò gbóná, omi inú òwú yóò sì di èéfín tí ènìyàn ń fà sínú. Òwú wà níbẹ̀, ohun tí òwú ń fà mu wà níbẹ̀, iná wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin rẹ̀ àti fìtílà àwọn ará Mẹ̀dínà ni pé ojú ń rí iná fìtílà, ṣùgbọ́n iná ti ibí yìí fara pamọ́ sínú àpò ṣòkòtò. Súwíìṣì nìkan ni ó dúró láàrin iná náà àti itan ẹni tí ó gbé e.

Ohun tí ó yẹ kí oníṣẹ́ mọ̀ nípa súwíìṣì

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti sọ fún wa, ni pé àwọn ọmọ ń wo volt, wọn kì í wo ampere. Ọmọ yóò mú súwíìṣì kékeré tí wọ́n kọ 250 volt àti 6 ampere sí lára, yóò ní, «Èyí tí ó lè gbé iná NEPA, kí ni bátìrì 4 volt yóò fi í ṣe?» Ọ̀rọ̀ náà dà bí òtítọ́, kì í sì í ṣe òtítọ́. Volt dà bí agbára tí ń ti omi nínú páìpù. Ampere ni bí omi tí ń kọjá ti pọ̀ tó. Iye tí ń kọjá ni ó ń mú súwíìṣì gbóná.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹyọ bátìrì kan tí ó kún dáadáa jẹ́ 4.2 volt. Bí kọ́ìlì bá jẹ́ ìdajì ohm, a ó pín 4.2 sí 0.5, yóò fún wa ní 8.4 ampere. Bí ọmọ náà bá sì fẹ́ èéfín púpọ̀, tí ó ká kọ́ìlì rẹ̀ sí 0.2 ohm, ó di 21 ampere. Kí ẹ lè mọ bí èyí ti pọ̀ tó: gílóòbù 10 watt tí ń tàn nínú yàrá yín, ohun tí ó ń fà láti ara iná NEPA kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ampere kan. Nítorí náà súwíìṣì 6 ampere yẹn kéré sí iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ tí wọ́n sì ń yọ lára rédíò àti ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí ó bàjẹ́, èyí tí ó ń ró «kẹ́» bí a bá tẹ̀ ẹ́, púpọ̀ nínú wọn ni kò yẹ kí ó gbé ju 0.05 ampere lọ. Ẹni tí ó bá gba iná kọ́ìlì inú irú bọ́tìnnì bẹ́ẹ̀ kọjá ti di ẹrù ìlọ́po 168 lé e lórí.

Kí ni yóò wá ṣẹlẹ̀? Ibi tí irin méjì inú súwíìṣì ti ń fara kan ara wọn kò mọ́ tónítóní. Ó ní ìdènà díẹ̀. Bí ìdènà náà bá jẹ́ 0.05 ohm péré, 8.4 ampere yóò sọ ojú ibẹ̀ di ààrò oníwátì 3 àti ààbọ̀. 21 ampere yóò sọ ọ́ di 22 watt, ìyẹn ooru tí ó tó láti yọ́ ọ̀rá tí wọ́n fi ṣe súwíìṣì. Bí ọ̀rá bá ti yọ́, sípíríǹgì kò ní lè gbé irin kúrò lára irin mọ́. Nígbà mìíràn irin méjèèjì yóò tilẹ̀ jó lẹ̀ mọ́ra bí ẹni pé a fi òjé lẹ̀ wọ́n. Ènìyàn yóò gbé ìka kúrò, iná kò ní kú. Ibi tí ewu wà gan-an nìyí. Súwíìṣì tí ó bàjẹ́ tí kò tan iná mọ́, ìbínú ráńpẹ́ ni ó ń fà. Èyí tí ó bàjẹ́ tí kò pa iná mọ́ ni eku tí Ańnábì sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ gbọdọ̀ béèrè nípa súwíìṣì ni bí yóò ti pa á, kí ó tó béèrè bí yóò ti tàn án. Èyí tí ó ń dúró sí ibi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí, bíi ti ara ògiri ilé, kò bójú mu fún kọ́ìlì rárá, iye ampere yòówù kí wọ́n kọ sí i lára. Ènìyàn lè gbàgbé rẹ̀, aṣọ lè fi ara gbá a. Èyí tí ó ń padà fúnra rẹ̀ ní kété tí ìka bá kúrò ni ó yẹ. Kí ó sì wà nínú kòtò díẹ̀ lára àpótí ẹ̀rọ náà, kí ohun tí ó wà nínú àpò má baà rí i tẹ̀. Irú èyí tí ń dúró lójú kan wúlò fún iṣẹ́ mìíràn: kí a fi í ṣe súwíìṣì àgbà tí ó ń gé bátìrì kúrò pátápátá nígbà tí a kò bá lò ó, bí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn kí ó tó sùn. Òun náà gbọ́dọ̀ lè gbé gbogbo ampere kọ́ìlì.

Àwọn tí iṣẹ́ ti yé kì í jẹ́ kí ìka bá ẹrù náà pàdé. Wọ́n ń lo transistor ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń pè ní MOSFET. Bọ́tìnnì kékeré yóò kàn fi àmì ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀, MOSFET ni yóò ṣílẹ̀kùn fún iná ńlá láti kọjá. Bí ọba ti ń fọwọ́ júwe tí ẹ̀ṣọ́ fi ń ṣílẹ̀kùn ààfin ni. Ọ̀nà yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi mẹ́ta tí aláìmọ̀ ti ń ṣubú. Ọ̀pọ̀ MOSFET tí ó wà lọ́jà ni ó ń fẹ́ 10 volt kí ó tó ṣí pátápátá. Bí a bá fún un ní 4, yóò ṣí ààbọ̀, yóò sì máa gbóná. Èyí tí ìwé rẹ̀ sọ pé ó ń ṣí dáadáa ní nǹkan bíi volt 2 àti ààbọ̀ ni kí á wá. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ tí ó ń gba àmì yẹn a máa mú iná díẹ̀ dání lẹ́yìn tí ìka bá ti kúrò. Bí oníṣẹ́ kò bá fi resistor kan so ó mọ́ ìhà òdì bátìrì kí ohun tí ó mú dání lè ṣàn dànù, kọ́ìlì yóò máa pọ́n lọ nígbà tí ọwọ́ kò sí lórí bọ́tìnnì mọ́. Resistor kékeré yẹn, tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ni ọ̀pọ̀ ń fò. Ìkẹta ni pé bí MOSFET fúnra rẹ̀ bá jó, nígbà púpọ̀ ó máa ń jó sí ipò ṣíṣí, ìka ẹnikẹ́ni kò sì lè pa á mọ́. Fún ìdí èyí ni fíùsì fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́bàá bátìrì, tí ampere rẹ̀ kò ju ohun tí bátìrì náà lè fara dà lọ.

Bátìrì nìyẹn o. Àwọn ẹyọ bátìrì róbótó tí ń bẹ nínú bátìrì kọ̀ǹpútà, tí fífẹ̀ wọn jẹ́ mílímítà 18, tí gígùn wọn sì jẹ́ 65, a kò ṣe wọ́n fún irú iṣẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú wọn kò yẹ kí ó fún ènìyàn ju bí ampere 4 tàbí 5 lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní tuntun, áńbọ̀sìbọ́sí èyí tí ó ti lo ọdún márùn-ún nínú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó jù ú sí ààtàn. Bí ọmọ bá ra súwíìṣì tí ó dára jù lọ ní gbogbo Ìbàdàn, tí ó gbé e sí irú bátìrì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú kọ́ìlì ìdajì ohm, bátìrì ni yóò gbóná. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ a máa gbiná fúnra rẹ̀ bí ó bá gbóná kọjá ààlà. Nítorí náà ìdáhùn wa sí ìbéèrè àkọ́kọ́ le díẹ̀ fún ẹni tí ó bi wá: kò sí súwíìṣì tí yóò sọ bátìrì kọ̀ǹpútà di ohun tí ó yẹ fún iṣẹ́ yìí.

A kò fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bà yín. Ilé iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iná ní Amẹ́ríkà, US Fire Administration, ṣe ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2017. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009 títí di òpin 2016, wọ́n ka ìgbà 195 tí ìròyìn jáde pé sìgá oníbátìrì gbiná tàbí bú gbàmù ní ilẹ̀ náà. Ènìyàn 133 ni ó fara pa, 38 nínú wọn sì fara pa gidigidi. Nínú ìgbà 195 yìí, 61 ni ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ náà tàbí bátìrì rẹ̀ wà nínú àpò aṣọ, tí ẹnikẹ́ni kò mu ún, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Òmíràn ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti kì í bọ iná. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọkùnrin kan kú ní ìpínlẹ̀ Florida nítorí pé ẹ̀rọ rẹ̀ bú, tí àfọ́kù rẹ̀ sì wọ orí rẹ̀. Irú tí kò ní ohun ìdáàbòbò kankan láàrin bátìrì àti kọ́ìlì ni ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ṣe tí wọ́n fi páálí dì nìyẹn. Kí ni ká ti wá sọ nípa èyí tí a fi òjé lẹ̀ lórí ìjókòó onígi lẹ́bàá ọ̀nà?

Mímu rẹ̀ ńkọ́?

Ẹlòmíràn yóò sọ pé àlùfáà ń sọ̀rọ̀ súwíìṣì, kò sì sọ bóyá ẹ̀sìn gba èéfín náà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láàrin àwọn àlùfáà wa. Nígbà tí tábà dé ilẹ̀ Mùsùlùmí, àwọn àlùfáà méjì nínú ìlú Káírò, Ibrahim al-Laqani àti Ali al-Ujhuri, tí àwọn méjèèjì ń tọ ipa Imam Malik bí àwa náà ti ń tọ̀ ọ́, dá ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èkíní kọ̀ ọ́, èkejì gbà á. Nítòsí wa níhìn-ín, Ahmad Baba ti Timbuktu kọ ìwé ní ọdún 1607 tí ó fi gbà á láàyè. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, Seku Amadu ti ìjọba Hamdullahi ní ilẹ̀ Masina fi òfin dè é, àwọn àlùfáà ìdílé Kunta ní Timbuktu kò sì fara mọ́ ọn. Kí ọ̀dọ́ má baà rò pé ẹni tí ó gbà á nígbà náà ti fún un ní ìwé àṣẹ, kí ó mọ̀ pé àwọn tí wọ́n gbà á ń sọ ọ́ lórí pé kò pa ẹni tí ń mu ún lára. Wọn kò mọ ohun tí oníṣègùn ayé òde òní ti fi ojú rí nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Sìgá kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn. Láti ọdún 1937 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ ńlá nínú ìlú yìí, ilé iṣẹ́ tuntun mìíràn sì tún ṣí ní 2003, ọdún kan náà tí Hon Lik ṣe ti oníbátìrì. A ti sin òkú rẹ̀ pọ̀. Ní ti oníbátìrì, àwọn kan ń sọ pé èéfín rẹ̀ fúyẹ́ ju ti sìgá lọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ti ń mu páálí sìgá kan lójúmọ́ tí ó sì ń wá ọ̀nà láti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò mu sìgá rí. Omi inú rẹ̀ ní nicotine tí ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò po omi náà, ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti ọdún 2019 wọ 2020: ènìyàn 2,807 ni àrùn ẹ̀dọ̀fóró dá wó sí ilé ìwòsàn tàbí tí ó pa, 68 ni ó kú nínú wọn. Ohun tí wọ́n rí pé ó fà á jù lọ ni òróró kan, vitamin E acetate, tí àwọn tí ń po omi igbó ní ìkọ̀kọ̀ fi ń lú u. Àwa kò rí ọ̀nà tí a lè gbà sọ pé ohun tí ìpalára rẹ̀ ti hàn báyìí jẹ́ hàlálì fún ẹni tí kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́hun kọ̀ fún wa nínú Súrátu-l-Bákọ́rà, áyà 195, kí á máa fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun.

Ẹni tí ń ṣe é fún ẹlòmíràn

Ìbéèrè kejì ni ó wúwo jù létí wa, nítorí pé ọmọ tí ó ń ṣe é tà ti kúrò nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nìkan. Nínú ìlànà Imam Malik, ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn àlùfáà ń pè ní gbèsè àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Oníṣẹ́ tí ó gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ayé, bíi télọ̀, aláró, alágbẹ̀dẹ tàbí ahunṣọ, bí ohun tí a kó fún un bá bàjẹ́ tàbí bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni yóò san án, àfi bí ó bá mú ẹ̀rí wá. Wọ́n gbé òfin yìí kalẹ̀ nítorí ire gbogbo ènìyàn, nítorí pé bí kò bá sí i, oníṣẹ́ kò ní ṣọ́ra. Àwa ará Òjé, tí ọjà aṣọ òfì wà ní ẹnu ọ̀nà wa, mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìyá tí ó kó òwú fún ahunṣọ kò ní gbà kí ó wí fún òun pé òwú kàn já ni.

Bí ó bá rí báyìí lórí òwú, báwo ni yóò ti rí lórí ara ènìyàn? Abú Dáwúdà gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ańnábì pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn láìjẹ́ pé a mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà, òun ni yóò ru ẹrù ohun tí ó bá tìdí rẹ̀ jáde. Àwọn àlùfáà ti mú ìdí ọ̀rọ̀ yìí wọ inú iṣẹ́ mìíràn tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tí ó fi súwíìṣì rédíò sí ẹ̀rọ oníná, tí ó tà á fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí ó sì jó itan ọ̀rẹ́ náà, kò lè ní, «Òun ni ó ní kí n bá òun ṣe é.» Owó ìtọ́jú wà lọ́rùn rẹ̀ láyé, ìbéèrè sì wà níwájú rẹ̀ lọ́run. Kí ọ̀gá tí ọmọ náà ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ náà má ṣe yí ojú kúrò. Orí tábìlì rẹ̀ ni wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́, irin tí ń gbóná jẹ́ irin rẹ̀.

Kí á má sì gbàgbé aládùúgbò. Ẹ wo bí ilé wa ti rí láti Òjé dé Bẹẹrẹ, dé Bẹ́yẹrunkà: ògiri kan so mọ́ èkejì, páànù kan gun orí páànù, ọ̀nà tí ọkọ̀ panápaná lè gbà kò tó ìdajì ohun tí ó yẹ. Gbogbo wa ni a gbọ́ ìró tí ó mi ìlú yìí ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, nígbà tí ohun abúgbàmù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà bú. Ẹni tí ó kó o síbẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Bátìrì kan kò tó ti Bódìjà, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bátìrì kan lórí ibùsùn tìmùtìmù ní òru, tí wọ́n kì bọ iná kí wọ́n tó sùn, tó láti jó agboolé kan. Ìlànà tí Imam Malik gbà wá nínú Muwatta, pé kò gbọdọ̀ sí ìpalára fún ara ẹni tàbí fún ẹlòmíràn, kò yọ ohun kékeré sílẹ̀.

Nítorí náà ni a fi ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe é tà. Ọwọ́ tí ó mọ bí a ti ń lẹ MOSFET lè ṣe iná alẹ́ fún ìyá tí ń ta ọjà, ó lè tún fáànù oníbátìrì ṣe fún aláìsàn. Gbogbo ohun tí a sọ lórí ampere, lórí súwíìṣì tí ń padà fúnra rẹ̀, lórí resistor kékeré àti lórí fíùsì wúlò níbẹ̀, èrè rẹ̀ sì mọ́.

Ẹni tí ó bá ti ní ẹ̀rọ irú èyí lọ́wọ́, yálà ó ṣe é ni tàbí ó rà á, kí ó mú un wá sí àgbàlá mọ́sáláásí lẹ́yìn ìrun Alaasari ní ọjọ́ Sátidé. Oníṣẹ́ iná kan nínú ìjọ wa yóò bá a tú u palẹ̀, a kò ní bèèrè orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni. Kí ó tó gbé e kúrò nílé, kí ó yọ bátìrì rẹ̀ jáde, kí ó fi téèpù lẹ orí àti ìdí bátìrì náà pa, kí ó gbé e sínú ike tàbí páálí gbígbẹ, kí ó má sì ṣe fi í sínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tàbí owó onírin. Èyí tí ó bá ti wú tàbí tí ó ń rùn, kí ó má ṣe fọwọ́ kàn án. Kí ó pe àgbàlagbà, kí wọ́n sì wá pè wá.